Bí ẹ ṣe máa kọ àdírẹ́sì IPFS tí kò ní já àwọn ẹbí yín kulẹ̀

Oríkì àti ẹkún ìyàwó tí àwọn àgbà ilé wa sun ni mò ń tọ́jú. Mo gbé ohùn wọn sórí IPFS, ètò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi jọ ń tọ́jú fáìlì tí wọ́n sì ń pín in láàárín ara wọn, kí àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn àti London lè jọ fi wọ́n pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kan sọnù nítorí àdírẹ́sì tí wọn ò kọ dáadáa.

Ohun tó wà nínú fáìlì gan-an ni IPFS fi ń ṣírò àdírẹ́sì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CID. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Qm ni ti àtijọ́. Lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ síra nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bráúsà máa ń sọ orúkọ sáìtì di lẹ́tà kékeré, CID sì lè wà nínú orúkọ sáìtì. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Ẹ lo tuntun. Kò ní lẹ́tà ńlá kankan, ti fódà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bafybei. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní IPFS, ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú tẹ́míná, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà (oriki ni orúkọ fódà mi):

ipfs add -r --cid-version=1 oriki

Bí Qm bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tún fáìlì náà gbé sókè, torí CID mìíràn lè jáde. Ẹ kàn pa á dà:

ipfs cid base32 Qm...

Èyí tí ẹ máa kọ sínú ìwé yín nìyí, torí kò so mọ́ sáìtì ẹnikẹ́ni. Ẹ fi CID fódà tiyín rọ́pò ọ̀rọ̀ náà CID:

ipfs://CID/oriki-baba.mp3

Ẹ má ki /ipfs/ bọ àárín rẹ̀. Fún ẹni tí bráúsà rẹ̀ kò mọ ipfs://, ẹ fi èyí ránṣẹ́ lórí WhatsApp; dweb.link ni sáìtì tó máa bá a mú fáìlì náà wá láti orí IPFS:

https://CID.ipfs.dweb.link/oriki-baba.mp3

Orúkọ fáìlì ló yẹ kí àwa tó ń kọ Yorùbá ṣọ́ra fún jù. Lẹ́tà í lè jẹ́ %C3%AD nínú àdírẹ́sì, ó sì lè jẹ́ i%CC%81, bí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ bá ṣe kọ ọ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú IPFS, orúkọ méjì ni, fáìlì tó wà níbẹ̀ á sì di àwátì. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Àkọlé tó wà nínú fáìlì ni kí ẹ fi í sí, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà lásán, láìsí àlàfo, kí ẹ fi dáàṣì so wọ́n pọ̀.

Bí ẹ bá fi oríkì mìíràn kún fódà, CID fódà náà á yí padà. Ẹ fi tuntun ránṣẹ́, kí ẹ kọ déètì sí i. Kí ẹbí méjì tàbí mẹ́ta tó ní IPFS lórí kọ̀ǹpútà wọn wá tẹ èyí, torí bí kò bá sẹ́ni tó di fáìlì náà mú, àdírẹ́sì tó pé kò lè mú un wá:

ipfs pin add CID