Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò owó òkúta ìsàlẹ̀ òkun kẹ́ ẹ tó kó owó yín sí i

Gbogbo ìpolówó ìwakùsà abẹ́ òkun ló máa ń fi bílíọ̀nù bẹ̀rẹ̀, pé ní agbami Pàsífíìkì, láàrin Hawaii àti Mẹ́síkò níbi tí wọ́n ń pè ní Clarion-Clipperton, òkúta dúdú tó rí bí ọ̀dùnkún wà nílẹ̀ lọ súà, ó lé ní bílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Òótọ́ ni o. Àmọ́ ẹ pa ìyẹn tì, tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tútù ni wọ́n wọ̀n ọ́n àbí gbígbẹ, torí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú òkun jáde, omi máa ń kó bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀, ìgbà míì ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀.

Tó bá ti gbẹ, irin mẹ́rin tí wọ́n ń wá ló máa ń wà nínú tọ́ọ̀nù kan: níkẹ́ẹ̀lì bíi kìlò 13, bàbà bíi 11, kóbáltì bíi 2, àti mánganíìsì tó sún mọ́ 280. Ká fi níkẹ́ẹ̀lì sí dọ́là 16 fún kìlò kan, bàbà 9, kóbáltì 30. Ó di 208, 99 àti 60, àpapọ̀ ẹ̀ dọ́là 367, ìyẹn tẹ́ ẹ bá rí gbogbo ẹ̀ yọ o, ẹ ò sì ní rí gbogbo ẹ̀ yọ.

Ìdí mánganíìsì ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìṣirò ẹ̀ dùn á fi iye mánganíìsì tó ti di irin pátápátá sí i, ká ní dọ́là kan ààbọ̀ fún kìlò kan, ìyẹn ti di 420, ó ti ju mẹ́ta yòókù lápapọ̀ lọ! Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe irin ìkọ́lé àti irin ọkọ̀ ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, òkúta tí wọn ò tíì yọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń rà, owó ẹ̀ ò tó ìdajì ìyẹn.

Ẹ wá yọ ìnáwó: ọkọ̀ ojú omi, páìpù tó gùn ju kìlómítà 4 lọ, ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta. Ọkọ̀ yẹn ń jẹ owó lójoojúmọ́, ìjì jà o, ẹ̀rọ bàjẹ́ o, torí náà ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ló máa ṣiṣẹ́ lọ́dún. Ibi tí wọ́n máa ń yára sọ kọjá ni iléeṣẹ́ orí ilẹ̀ tó máa yọ́ òkúta náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó ti sábà máa ń pọ̀ jù.

Owó tí wọ́n máa san fún ISA ńkọ́, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìwakùsà ní ìsàlẹ̀ òkun tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, tó wà ní Kingston ní Jàmáíkà? Títí di àárín 2025 wọn ò tíì parí òfin ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Papua New Guinea, ìjọba wọn kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là sínú iṣẹ́ ìwakùsà abẹ́ òkun ti kọ́ńpìnnì Nautilus, tí wọ́n ń pè ní Solwara 1, kọ́ńpìnnì yẹn wọko gbèsè ní 2019 láìta òkúta kankan, owó aráàlú sì wọmi.

Torí náà ẹ tún un ṣírò lẹ́ẹ̀kejì. Níkẹ́ẹ̀lì kọjá 100,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà London fún ìgbà díẹ̀ lóṣù kẹta 2022, ó sì ti já wálẹ̀ sí bíi 16,000 ní 2024 torí Indonéṣíà ń tú u sọ́jà, bátìrì tí ò nílò níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáltì náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ fi níkẹ́ẹ̀lì sí dọ́là 8 fún kìlò kan, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí níbẹ̀rẹ̀ 2016, kẹ́ ẹ sì fi mánganíìsì sí iye òkúta tí wọn ò tíì yọ́. Tí èrè bá ṣì kù, ẹ wá béèrè ọdún tí owó yín máa kọ́kọ́ padà.