Ìlù tó sọnù nínú kọ̀ǹpútà mi

Màmá kan tó jẹ́ akọrin ló tú àṣírí mi. Orin tí mo bá wọn ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn yí ẹsẹ kejì rẹ̀ padà. Mo ní kò le rárá, kí wọ́n jókòó. Mo ṣí iṣẹ́ náà nínú FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe orin, ló bá to orúkọ àwọn sample, ìyẹn àwọn ìró tí a ti gbà sílẹ̀, tí kò rí síwájú mi gbọọrọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Dùùrù ń lọ, báàsì ń lọ, ìlù pa rọ́rọ́. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlù mi dà?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fáìlì iṣẹ́ FL Studio kì í gbé ìró ìlù sínú. Àdírẹ́sì ibi tí ìró wà ló ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣe orin yẹn, lẹ́tà D ni Windows fi ń pe hard drive tí mo ń kó sample sí. Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé mo ki flash bọ kọ̀ǹpútà ṣáájú hard drive, flash gba D, hard drive di F, n kò sì kíyè sí i. FL Studio ń kan ilẹ̀kùn D, ẹlòmíì ló ń gbé ibẹ̀.

Àtúnṣe ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo wọ Disk Management, ibi tí Windows ti ń jẹ́ ká yí lẹ́tà wọ̀nyí padà, mo gba D lọ́wọ́ flash, mo dá a padà fún hard drive. Gbogbo ìlù jí, àfi gángan kan ṣoṣo. Bí mo ṣe ń wá gángan yẹn kiri ni mo rí ìdọ̀tí tí mo ti ń kó jọ: "Tuntun", "Tuntun 2", "Latinu foonu", "Ko o sibi na". Ìlù kan náà wà ní ibi mẹ́rin pẹ̀lú orúkọ mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fódà kiri, àdírẹ́sì gbogbo orin àtijọ́ á tún dàrú. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ṣí iṣẹ́ mọ́kànlélógójì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lọ sí File, Export, mo yan Zipped loop package, èyí tó ń di orin àti ìró rẹ̀ pọ̀ sínú ẹrù kan. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Odidi Sátidé ló gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ní kí dupeGuru, ètò tó ń wá fáìlì tó jọra, bá mi wá àwọn ìbejì. Inú fáìlì ló máa ń wò, kì í ṣe orúkọ nìkan, ó sì rí púpọ̀.

Ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀ ni ìgbà tí mo ń kó àwọn ìlù náà lọ sórí SSD tuntun, ibi ìkó-fáìlì-sí tó yá ju hard drive lọ. Cut ni mo lò dípò Copy. Inú ògiri ni hard drive àtijọ́ yẹn ti ń gba iná, wọ́n sì mú iná lọ láàárín iṣẹ́. Ìdajì wà lọ́hùn-ún, ìdajì wà níhìn-ín, fáìlì kan sì ṣí láìní ohùn kankan nínú. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo ń fi ẹgbẹ́ méjèèjì wéra. Láti ìgbà náà, Copy ni, màá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Lẹ́tà S ni mo fún SSD náà, ó jìnnà sí ibi tí flash máa ń jókòó sí.

Orúkọ ló wá dùn mọ́ mi jù. Àwọn ìlù tí èmi fúnra mi gbà sílẹ̀, "Audio 0047" ni wọ́n ń jẹ́, ẹni tó ń wá ohùn òkè ìyáàlù kò lè mọ̀ ọ́n. Mo ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ báyìí: iyaalu_mi_lile_02, iyaalu_do_jeje_01 (mi ni ohùn òkè, do ni ohùn ìsàlẹ̀). Èyí tí onílù fi okùn fà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ń jẹ́ iyaalu_do-mi_fifa. Gúdúgúdú kì í yí ohùn padà bẹ́ẹ̀, agbára ọwọ́ nìkan ni mo kọ sí i. Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn ni mo rí i pé gbohùngbohùn kan ni mo fi gbà wọ́n, síbẹ̀ sítẹ́rò, ìyẹn ohùn ọ̀nà méjì, ni mo fi wọ́n pamọ́. Mo sọ wọ́n di mono, ọ̀nà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú kan tó ń jẹ 16 MB ní 24-bit, 44.1 kHz, wá ń jẹ 8.

N kò fi àmì sórí orúkọ kankan, torí ẹni tó ń wá ìlù kíákíá kò ráyè tẹ àmì. Ọmọ iṣẹ́ mi rí fódà "igbin", ó ní, "Ọ̀gá, ṣé a ti ń ta ìgbín ni?" Ìgbìn, ìlù Ọbàtálá, ni mo ní lọ́kàn. Ó ti di ilu_igbin báyìí.

Gángan ọjọ́ yẹn, n kò rí i. Mo pe ẹni tó lù ú kó wá tún un lù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n owó ọdún méjì sẹ́yìn kọ́ lòun ń gbà mọ́ o.