Wọ́n gba A nínú statistics, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí mean ń sọ: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa olùkọ́ ọdún kìn-ín-ní

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì ló ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka statistics rárá. Ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn, ètò ọrọ̀ ajé tàbí ìrònú ẹ̀dá ni wọ́n wá ṣe, statistics kàn jẹ́ dandan fún wọn ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ mi mọ fọ́múlà mean (ìpíndọ́gba) àti standard deviation (bí àwọn iye ṣe fọ́n ká sí mean tó) bí ẹni mowó. Àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ iye tí wọ́n rí, ńṣe ni wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Níbo ni ìṣòro wà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ lọ mú ìwé ìbéèrè yín wá, kí ẹ tó bá àwọn ọmọ jà. Tó bá jẹ́ “Ṣírò mean àwọn iye wọ̀nyí” ló kún inú rẹ̀, ohun tí ẹ bi wọ́n náà ni wọ́n dáhùn. Ọmọ tó fẹ́ yege kì í kọ́ ju ohun tí ìdánwò máa bi í lọ.

Ẹ wo èyí tí mo máa ń lò. Iye owó kóńgò gàrí kan lọ́wọ́ ìyá mẹ́fà lọ́jà rèé: ₦700, ₦720, ₦750, ₦750, ₦780, ₦1,700. (Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to iye náà o, ẹ má fi lọ náájà.) Tẹ́lẹ̀, màá ní kí wọ́n wá mean. Wọ́n á ro ó pọ̀, ₦5,400, wọ́n á fi mẹ́fà pín in, ₦900, wọ́n á fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, máàkì pé. Ní báyìí, mo máa ń fún wọn ní mean náà, ₦900, àti median (iye tó bọ́ sí àárín bí a bá tò wọ́n láti kékeré sí ńlá), ₦750, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè mi wá ni pé: “Màmá rẹ fẹ́ rán ọmọ lọ ra kóńgò gàrí kan. Èwo nínú iye méjèèjì ló sún mọ́ ohun tí ọmọ náà máa bá lọ́jà? Sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì.”

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹnikẹ́ni kò ta gàrí ní ₦900. Márùn-ún nínú ìyá mẹ́fà ló ń tà á kéré sí i. Ìyá kan ṣoṣo ló fa mean náà lọ sókè. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ₦900 ni kí wọ́n fún ọmọ náà dání, torí owó tó bá kù, wọ́n á gba ṣẹ́ńjì. Kì í ṣe ohun tí mo bi í nìyẹn, ṣùgbọ́n mo fún un ní máàkì kan. Ó kúkú ronú.

Ìbéèrè: Ẹni tó ní ọmọ ogójì ní kíláàsì ló lè máa ka àlàyé. Tèmi lé ní irinwó. Ta ni yóò máàkì gbogbo ìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ lo ìbéèrè ABCD. Kò sí ohun tó ṣe é, bí àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà bá ti jẹ́ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe gan-an, tí kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ kàn fi dí àyè.

Ẹ wo ìbéèrè tí Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, lò ní 1972. Ilé ìwòsàn méjì wà ní ìlú kan. Wọ́n ń bí ọmọ bíi 45 lójúmọ́ ní ńlá, bíi 15 ní kékeré. Láàárín ọdún kan, ilé ìwòsàn wo ni yóò ní ọjọ́ tó pọ̀ jù tí ọmọkùnrin ju 60% lọ? Ńlá, kékeré, àbí bákan náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mú bákan náà. Kékeré ni, nítorí bí iye ọmọ bá ṣe kéré tó ni ìpín yóò ṣe máa fò sókè fò sódò. Kò sí fọ́múlà kankan níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò kò sì lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò kan wà tó ń wo bí statistics ṣe yé akẹ́kọ̀ọ́ tó, tí wọ́n ń pè ní CAOS, ìbéèrè 40, yíyan ìdáhùn ni gbogbo rẹ̀. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 700 ṣe é nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un ṣe nígbà tó parí. Láti bíi 45% ni wọ́n ti gòkè dé 54%. Odindi sáà ẹ̀kọ́! Nígbà tí mo kà á, ara tù mí díẹ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́wàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láìsí máàkì, kí n lè mọ ohun tí wọ́n gbé wá láti ilé-ìwé girama.

Ìbéèrè: Past question ni wọ́n ń há sórí.

Ìdáhùn: Ẹ fún wọn ní gbogbo fọ́múlà nínú ìwé ìdánwò. Ẹ tún fi èsì tí kọ̀ǹpútà ti ṣírò síbẹ̀, kí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkà á. Kí ni wọ́n fẹ́ há sórí mọ́?

Ìbéèrè: Wọ́n ń kọ ọ́ pé “p = 0.03, nítorí náà 3% péré ló ṣeé ṣe kí null hypothesis jẹ́ òótọ́.” Ṣé kí n fún wọn ní máàkì?

Ìdáhùn: Rárá o. Null hypothesis ni èrò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, oríire lásán ni. P-value sì ni bó ṣe ṣeé ṣe tó láti rí irú èsì tí a rí, tàbí èyí tó jù ú lọ, bí èrò yẹn bá jẹ́ òótọ́. American Statistical Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ statistics ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ jáde ní 2016 pé p-value kì í sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé hypothesis jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kíka ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn létí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Èyí ló ràn wọ́n lọ́wọ́:

Ẹnìkan ní bí òun bá ti tọ́ ọbẹ̀ wò, òun á mọ̀ bóyá màgí wà níbẹ̀. A gbé abọ́ márùn-ún síwájú rẹ̀. Owó ẹyọ tí a ta sókè ló pinnu èyí tó ní màgí. Ó gba márààrún. Ẹni tó kàn ń méfò á gba márààrún lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 32, ìyẹn bíi 0.03. P-value wa nìyẹn. Ó dáa. Tó bá jẹ́ ìyá olóúnjẹ tó ti ń se ọbẹ̀ láti ogún ọdún ló gbà á, 0.03 ni. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, 0.03 náà ni. Ṣé bákan náà lẹ máa gba àwọn méjèèjì gbọ́? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ “àààà” láti ẹ̀yìn kíláàsì.

Ìbéèrè: Ọ̀kan náà ni gbogbo asáínmẹ́ǹtì tí wọ́n ń kó wá. Fóònù ló ń ṣe é fún wọn.

Ìdáhùn: Ẹ ní kí kálukú dúró ní ibùdókọ̀ kan, kó kọ ìṣẹ́jú tí èrò ogún fi dúró de ọkọ̀. Tí wọ́n bá kó o wá, ẹ pe díẹ̀ nínú wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnìkọ̀ọ̀kan: “Kí ló dé tí iye kejìlá rẹ fi ga tó báyìí?” Ẹni tó dúró níbẹ̀ á ní ọkọ̀ kan ló bàjẹ́, tàbí òjò ló dé. Ẹni tí kò débẹ̀ á máa wo àjà.

Ìbéèrè: Ìgbà tí ìdánwò bá parí ni mo ń mọ̀ pé kò yé wọn.

Ìdáhùn: Ìlàjì ìwé ni oògùn rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n kọ ohun kan tí kò yé wọn, láìkọ orúkọ. Ẹ ka bí ọgbọ̀n péré, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tó ń bọ̀. GAISE, ìwé ìtọ́sọ́nà fún kíkọ́ni ní statistics tí American Statistical Association fọwọ́ sí, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ní ìmọ̀ràn mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí a máa fi àyẹ̀wò tún ẹ̀kọ́ ṣe, kó má jẹ́ fún pípín máàkì nìkan.

Ìbéèrè: Mo yí ìbéèrè padà, máàkì já wálẹ̀, HOD (olórí ẹ̀ka wa) pè mí. Kí ni kí n wí?

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ yí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló fà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú tẹ́ẹ̀sì, kí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tó dé inú ìdánwò ńlá, kí àwọn ọmọ ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ti HOD, ẹ mú ìwé ìbéèrè ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí lọ bá wọn.

Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n pè mí. Mo gbé ìbéèrè gàrí síwájú ọ̀gá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, “Kí n tó dá ẹ lóhùn, ₦1,700 yìí, ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe ₦700 ni wọ́n ṣì kọ?” A ò rántí ọ̀rọ̀ máàkì mọ́ lọ́jọ́ yẹn.