Bí A Ṣe Ń Wá Owó Ìwádìí fún Ìdáàbòbò Ẹranko Igbó ní Àwọn Yunifásítì Èkìtì

Igbó ọba tí ó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìnàkí (chimpanzee) ṣì ń gbé. Irú ìnàkí yìí, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pè, ni ó kéré jù lọ níye nínú irú mẹ́rin tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, àjọ IUCN, tí ń ṣe àkójọ ipò àwọn ẹ̀dá ní gbogbo àgbáyé, sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 wà ní Ọ̀yẹ́, kò sì sí èyí tí ó jìnnà sí igbó náà nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, àkòrí tí àpò ara ẹni lè gbé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń yàn: wọn a pín ìwé ìbéèrè fún àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́, tàbí kí wọ́n ka igi inú ọgbà yunifásítì, nítorí wọ́n gbà pé owó ìwádìí kò sí fún irú wọn. Owó náà wà. Ohun tí kì í sábà sí ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí ènìyàn ti ṣe kí ó tó tọrọ rẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì ni èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ mi lé jù níbí, fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè ni ó ń ṣáájú owó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo, lórí ẹ̀dá kan, ní ibì kan, tí ìdáhùn rẹ̀ yóò mú kí ẹnì kan ṣe ohun tí kò ṣe tẹ́lẹ̀. Àkòrí bí "Ìdáàbòbò onírúurú ẹ̀dá abẹ̀mí ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì" kò lè mú owó wá, nítorí kò sí ẹni tí ó lè mọ ìgbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè pé apá ibo nínú igbó Ìsẹ̀ ni ìnàkí ṣì ń ṣe ìtẹ́ sí, àti bí àwọn ìtẹ́ náà ṣe jìnnà sí àwọn oko tí ó ti wọ inú igbó ọba, ẹni tí ń ka ìwé yín ti fojú inú rí iṣẹ́ náà. Alaalẹ́ ni ìnàkí máa ń ṣe ìtẹ́ tuntun sórí igi, nítorí náà ìtẹ́ ni àwọn olùwádìí ń kà, nígbà tí ẹranko náà fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti fojú rí. Ẹ óò la ọ̀nà gbọọrọ gba inú igbó kọjá, ẹ óò rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ óò kọ iye ìtẹ́ tí ẹ rí sílẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbó tó àti bí ó ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà yín, ẹ óò sì fi ìṣirò yọ iye ẹranko tí ó ṣeé ṣe kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò lo ìdáhùn náà kò fara sin: ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkìtì tí ń bójú tó igbó ọba nílò láti mọ ibi tí ó yẹ kí ó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sí.

Kò di dandan kí ó jẹ́ ìnàkí. Ẹ wo igún. Àwọn àgbà wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Síbẹ̀ igún ti di ohun tí a ń tà fún oògùn àti ètùtù, àjọ IUCN sì ti gbé igún tí a mọ̀ sí ìpele ewu tí ó ga jù lọ kí ẹ̀dá tó parun nínú igbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ èdè Èkìtì, tí ó mọ bí a ṣe ń kí ìyá arúgbó tí ń ta egbòogi ní ọjà, yóò gbọ́ ohun tí àlejò olùwádìí láti òkè òkun kò ní gbọ́ láéláé. Odídẹrẹ́ wà níbẹ̀, akika tí ìpẹ́ bò lára wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti àdán tí ń gbé lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ní agbègbè Ìkọ̀gòsì. Èmi a máa rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yan ẹ̀dá tí ìmọ̀ àdúgbò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí rẹ̀, nítorí agbára tí a bí mọ́ wọn ni, kò sì sí owó tí ó lè ra á.

Kí ẹ tó kọ̀wé sí òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìlú. Bí ó bá jẹ́ igbó Ìsẹ̀ ni, ẹ gba ìwé láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ bá olùkọ́ alábòójútó yín lọ sí ààfin Arínjalẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ bá olórí ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn bàbá ọdẹ sọ ohun tí wọ́n ti rí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n bá júwe ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan nínú wọn yóò lè bá yín ṣiṣẹ́, àti iye tí ó tọ́ láti san fún ẹni tí ó bá fi ọjọ́ oko rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó igbó ní Adó ni ẹ óò ti gba ìwé àṣẹ láti wọ igbó ọba. Bí ẹ óò bá fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, ẹ gba ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ní yunifásítì yín. Bí ẹ óò bá sì fi irun, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìpẹ́ ara ẹranko bí ìnàkí tàbí akika ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò, àdéhùn CITES, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣàkóso òwò ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, dè yín, ẹ óò sì nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Àwọn ìwé wọ̀nyí lè gba oṣù púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi wọ́n mọ́ ìwé ìtọrọ rẹ̀ ti ṣáájú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń du owó náà, nítorí ó ti fi hàn pé bí owó bá dé lónìí, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ní ti ibi tí owó wà, àwọn kéékèèké ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lọ. The Rufford Foundation tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń dárúkọ ṣáájú, nítorí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni ó ń wò, ó sì ń gbé ènìyàn láti àtẹ̀gùn kan sí èkejì: owó kékeré àkọ́kọ́, èkejì, lẹ́yìn náà àwọn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìròyìn iṣẹ́ ti ìṣáájú bá dára. Inú igbó ni ó fẹ́ kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà lọ, kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ná owó lórí ìwádìí tí kò ní àǹfààní kankan fún ẹ̀dá tí a ń wádìí. Mohamed bin Zayed Species Conservation Fund ní Abu Dhabi ń fúnni ní owó tí ó lè tó 25,000 dọ́là, irú ẹ̀dá kan pàtó ni ó sì ń wò: bí ẹ kò bá dárúkọ ẹ̀dá náà àti ipò rẹ̀ nínú àkójọ IUCN, kò sí ohun tí wọn yóò gbé yẹ̀ wò. Conservation Leadership Programme ń wá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó kéré tán jẹ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Adó, ọ̀kan láti Ọ̀yẹ́ àti ọmọ ìlú Ìsẹ̀ kan lè para pọ̀ ṣe é. IDEA WILD kì í fúnni ní owó, irinṣẹ́ ni ó ń fúnni, bí awò ìwọ̀nà-jíjìn àti kámẹ́rà, èyí sì lè tó fún iṣẹ́ oyè kejì. Nílé níbí, Nigerian Conservation Foundation, tí olóògbé Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ní owó ìwádìí kan tí ó ń jẹ́ orúkọ olùdásílẹ̀ náà fún àwọn tí ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Gbèdéke àti òfin àwọn àjọ wọ̀nyí a máa yí padà, nítorí náà ẹ ka ìlànà ọdún tí ẹ wà kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Fún ẹ̀yin olùkọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ná owó sórí ẹ̀kọ́ gíga, ni ẹnu ọ̀nà tí ó sún mọ́ jù. Owó tí ìjọba ń gbà nínú èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni ó gbé e ró, òfin 2011 ni ó sì dá a sílẹ̀ bí ó ti wà lónìí. Apá méjì ni ó kàn yín. Èkínní ni owó ìwádìí tí ń gba ọwọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń pè ní IBR: ẹ óò fi àbá yín fún ọ́fíìsì ìwádìí ní yunifásítì, ìgbìmọ̀ inú ilé yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì fi í ránṣẹ́ sí Àbújá. Èkejì ni National Research Fund, tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń béèrè fún àbá kúkúrú ná kí ó tó béèrè fún ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, tí ó sì ń fẹ́ kí onímọ̀ láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ para pọ̀. Ẹ má ṣe fi èyí bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè tọrọ IBR fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn yunifásítì aládàáni, bíi ti Afẹ́ Babalọlá ní Adó, kò sí nínú ètò IBR. Àwọn àjọ òkè òkun tí mo dárúkọ lókè ni kí àwọn ará ibẹ̀ gbájú mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àbá náà, ẹ má ṣe gbé orí kejì ìwé oyè yín, tí ẹ fi to iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú jọ, lé àjọ náà lọ́wọ́. Ẹni tí yóò kà á lè ní àìmọye ìwé lórí tábìlì. Ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ó ti mọ ẹ̀dá wo, ibo, ewu wo, kí ni ẹ óò ṣe, àti kí ni yóò yí padà. Ẹ dárúkọ odò, ìlú àti òpópónà, kí ó lè fi wá ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ sọ oṣù tí ẹ óò wọ igbó: ní Èkìtì, òjò a máa rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ọ̀nà inú igbó a sì di ẹrẹ̀, nítorí náà ètò iṣẹ́ tí ó bá fi gbogbo ìrìn sí oṣù kẹsàn-án yóò fi hàn pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ igbó náà.

Ìṣirò owó ni ọ̀pọ̀ àbá ń kú sí. Ohun tí ẹ kò bá lè fi iye kan ìlọ́po iye mìíràn ṣàlàyé, ẹ má kọ ọ́. Dípò "owó ọkọ̀, 500,000 náírà," ẹ kọ iye ìrìnàjò, iye ènìyàn, àti iye tí ọkọ̀ ń gbà láti Adó dé Ìsẹ̀ àti tí ọ̀kadà ń gbà láti ìlú dé etí igbó. Ẹ ṣírò owó iṣẹ́ àwọn ọdẹ tí yóò ṣamọ̀nà yín, oúnjẹ inú àgọ́, bátìrì àti káàdì kámẹ́rà, bàtà òjò, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì àti ètò fún ìgbà tí ejò bá bu ẹnì kan jẹ. Ẹ fi owó ìpadà sí ìlú sí i, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ óò padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún Kábíyèsí, àwọn ọdẹ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àjọ yìí ń wá a, àwọn ará ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ kọ pàṣípààrọ̀ owó tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ wò ó, nítorí náírà kì í dúró lójú kan. Ẹ bi àjọ náà léèrè bóyá àkáǹtì yunifásítì ni wọ́n ń sanwó sí tàbí ti ara ẹni. Bí ó bá jẹ́ ti yunifásítì, ẹ ti bá ọ́fíìsì ìṣirò owó sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí owó tó dé ọwọ́ yín àti iye tí wọn yóò yọ nínú rẹ̀, torí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn kì í dúró de ìwé.

Rufford ń béèrè fún ẹni mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí sí yín. Kí olùkọ́ alábòójútó yín jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀dá yẹn níbòmíràn. Àwọn tí ó wà ní ibùdó ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ti A. P. Leventis ní Jọs yẹ ní kíkọ̀wé sí bí ó bá jẹ́ igún tàbí odídẹrẹ́. Ẹ ti fi àbá náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́rìí yín tipẹ́, kí wọ́n tó gba lẹ́tà àjọ náà, kí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ náà gan-an. Bí àjọ kan kò bá fún yín lówó, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì gbé e lọ sí àjọ tí ó kàn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i bá ìlànà tirẹ̀ mu.

Bí owó bá dé, ẹ ṣí ìwé ìnáwó ní ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì máa gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo ohun tí ẹ bá rà. Ọlọ́kadà àti bàbá ọdẹ kì í ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ẹ tẹ ìwé kékeré kan tí wọn yóò fọwọ́ sí tàbí tẹ ìka sí pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó. Bí iṣẹ́ bá ní láti yí padà, bóyá nítorí pé àwọn agégẹdú ti wọ apá tí ẹ fẹ́ wádìí, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà kí ẹ tó ná owó sí ohun mìíràn. Ẹ fi ìròyìn ìkẹyìn ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀, iye tí ẹ kà, àti ibi tí ẹ kò rí nǹkan kan, nítorí ibi tí ìnàkí kò sí mọ́ jẹ́ ohun tí ẹni tí ń pín ẹ̀ṣọ́ igbó gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan fún ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó igbó ní Adó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbá owó kejì.