Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Pẹ́pẹ́yẹ Apẹja Ń Pa Jẹ Lábẹ́ Omi

Ẹja ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń pè ní merganser ń mòòkùn pa. Àgógó wọn tín-ín-rín, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ní ṣóńṣó, etí rẹ̀ sì rí wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, kí ẹja má baà yọ̀ bọ́.

Ìpalẹ̀mọ́ kò le. Ẹ jókòó sí bèbè omi ní òwúrọ̀ kí atẹ́gùn tó máa ru omi sókè, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì mú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn dání. Èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po 8 ti tó. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé, nítorí tàdáwà máa ń ṣàn bí ìrì bá sẹ̀ sí i. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wò.

Kí ó tó mòòkùn, yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lọ jẹ́jẹ́, yóò ti ojú bọ omi láti wo ìsàlẹ̀, nítorí ojú ni ó fi ń ṣọdẹ. Bí ó bá ti wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Kì í sábà ju 30 lọ kí ó tó yọjú.

Ibi tó ti ń yọjú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á rí i pé ẹnu rẹ̀ ṣófo, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rí nǹkan pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ omi ni ó sábà máa ń gbé ẹja kéékèèké mì; èyí tó tóbi, tó ń jà, ni ó máa ń gbé wá sókè. Ẹni tó bá ka kìkì ohun tó fojú rí yóò gbà pé ẹja ńlá ni ẹyẹ náà yàn láàyò, nígbà tó lè jẹ́ pé àwọn wẹẹrẹ ni ó ń jẹ yó. Mo ti rí àkọsílẹ̀ oṣù kan gbáko tí àṣìṣe yìí sọ di asán.

Ọ̀fun ni kí ẹ tẹjú mọ́ ní kété tó bá yọ. Bí ọ̀fun bá sún lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì bu omi mu díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbé nǹkan mì. Òpó mẹ́ta ni mo máa ń fà sínú ìwé: “mo rí i”, “ó jọ pé ó gbé mì”, “kò hàn”. Ẹ má jẹ́ kí ìkẹta di “kò sí”.

Bí ó bá gbé ẹja sókè, yóò máa yí i lẹ́nu títí orí ẹja yóò fi kọjú sí ọ̀fun, kí lẹbẹ má baà há a. Àkókò yìí ni kí ẹ fi gígùn àgógó díwọ̀n ẹja náà. Ti goosander, tó tóbi nínú wọn, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5. “Àgógó mẹ́ta” ni kí ẹ kọ, kí ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ bá délé.

Ẹ má da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ àgbà, nítorí kòkòrò inú omi ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ẹ má sì da irú wọn pọ̀: èyí tí àyà rẹ̀ pọ́n máa ń kó ara wọn jọ lé ẹja sí ibi tí omi ti fà, ṣùgbọ́n èyí tó ní ìyẹ́ bí ìbòrí lórí máa ń jẹ edé odò àti kòkòrò mọ́ ẹja.

Kí ẹ tó sọ pé ó yan ẹja kan láàyò, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú omi náà, torí pé èyí tó pọ̀, tó sì gba ọ̀fun rẹ̀, ni ó sábà ń mú. Bí ẹ kò bá ní àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, ẹ bẹ àwọn apẹja ibẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka ẹja kéékèèké tí wọ́n fẹ́ dà padà sómi.