Bí Mo Ṣe Sọ Ìtàn Yannick Noah fún Àwọn Ọmọ Tó Ń Kọ́ Tẹ́níìsì

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní tẹ́níìsì gbà pé ẹni tó bá gba ife jù ni aráyé máa ń rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìtàn Yannick Noah, agbá-tẹ́níìsì ọmọ Faransé. Nínú ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹ́níìsì (Grand Slam), ife kan ṣoṣo ló gbà nínú eré ẹnìkan-sí-ẹnìkan, síbẹ̀ àwọn ará Faransé kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Mo kọ́kọ́ to ọdún rẹ̀ jọ sínú ìwé. Sedan ní Faransé ni wọ́n ti bí i ní 1960. Zacharie, bàbá rẹ̀, ọmọ Kamẹrúùnù ni, agbábọ́ọ̀lù tó bá ẹgbẹ́ Sedan gba ife ilẹ̀ Faransé ní 1961. Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, ni Yannick ti dàgbà, ibẹ̀ ni Arthur Ashe, agbá-tẹ́níìsì ọmọ Amẹ́ríkà, ti rí i ní 1971. Ashe sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Philippe Chatrier, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àjọ tẹ́níìsì Faransé, ní Paris, bí ọmọ náà ṣe dèrò Nice nìyẹn láti kọ́ṣẹ́.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni àṣekágbá Roland Garros, ìdíje ńlá ti Faransé, ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1983. Mo wo fídíò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń dá a dúró, mo ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Mats Wilander, tí Noah bá pàdé, ló gba ife náà lọ́dún tó ṣáájú, bọ́ọ̀lù kì í sì í sú u dá padà. Noah kò gbà láti bá a dúró lẹ́yìn pápá. Bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù, á ti sáré dé ìdí nẹ́ẹ̀tì. Noah ló borí: 6–2, 7–5, 7–6. Rákẹ́ẹ̀tì onígi ló sì fi ṣe é! Bí ó ti parí báyìí, Zacharie sáré wọ pápá, bàbá àti ọmọ dì mọ́ra. Láti ìgbà náà, ọkùnrin Faransé kankan kò tíì gba ife yẹn mọ́.

Mo yára kọjá lórí ipò kẹta tó dé lágbàáyé ní 1986, torí ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1991, òun ni olórí ikọ̀ Faransé nígbà tí wọ́n na Amẹ́ríkà, tòun ti Agassi àti Sampras tí wọ́n jẹ́ agbá-tẹ́níìsì wọn, ní Lyon láti gba Davis Cup, ife tẹ́níìsì tí àwọn orílẹ̀-èdè máa ń du. Orin tirẹ̀, “Saga Africa”, ni gbogbo wọn ń jó yí pápá ká. Ó tún darí wọn gba ife náà ní 1996 àti 2017. Orin kíkọ kò sì fi í sílẹ̀: ní 2010, ó kọrin ní Stade de France, pápá ìṣeré ńlá ilẹ̀ Faransé. Lójú tèmi, ayọ̀ tó máa ń pín fáwọn èèyàn ló jẹ́ kí wọ́n di orúkọ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ tí mo sọ ìtàn náà, mo kọ́kọ́ fi ìdìmọ́ra bàbá àti ọmọ hàn wọ́n, kí n tó dárúkọ ọdún kankan. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé: ta ni bàbá yẹn, kí ló dé tó ń sunkún? Gbogbo ìtàn yòókù wá di ìdáhùn. Nígbà tí a ṣe tán, mo ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì sáré wá síwájú bíi Noah, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí àkókò fi tó.