Ẹ Yé Fi Ọwọ́ Rọ̀ Mọ́ Alùpùpù: Àṣìṣe Ìjókòó Tó Wọ́pọ̀ Lórí Pápá Ìsáré

Bí ẹ bá sáré yípo pápá fún ìṣẹ́jú 20, tí ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, tí iṣan apá yín le bí igi, tí àtẹ́lẹwọ́ yín sì ti ń bó, ẹ má tíì dá alùpùpù lẹ́bi. Ẹ má sáré lọ ra ṣọ́kì tuntun. Apá tó ń ro yín yẹn ti sọ ibi tí wàhálà wà: ọwọ́ ni ẹ fi ń gbé ara yín ró, ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà sì ń sinmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn lórí pápá. Ohun tí mo rí ni pé ibi yòówù kí àṣìṣe ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ìdí, ìbáà ṣe orí, ìbáà ṣe àtẹ́lẹsẹ̀, ọwọ́ ló máa ń já sí.

Kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí a fi ń gbé ara kúrò láàárín ìjókòó rárá nígbà tí a bá ń gba kọ́nà. Alùpùpù kì í gba kọ́nà láìfì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní kọ́nà kan wà tó jẹ́ pé láti àárín òbírípo rẹ̀ dé ojú ọ̀nà jẹ́ mítà 80. Ẹni tó bá fi eré kìlómítà 90 ní wákàtí kan gbà á, àpapọ̀ ìwúwo òun àti alùpùpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fì tó nǹkan bíi dígírì 38. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi yẹ ìyẹn sílẹ̀, àfi ká dín eré kù tàbí ká gba ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni mo wí o. Bí ẹni tó gùn ún bá gbé ìwúwo tirẹ̀ sínú kọ́nà, alùpùpù fúnra rẹ̀ kò ní fì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Irin ìtẹ́sẹ̀ á jìnnà sí ilẹ̀, ṣọ́kì á ráyè ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹ bá sì ṣèèṣì wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ jù, àyè ṣì wà láti fì sí i. Èrè tí à ń wá nìyẹn. Ìjókòó tí kò bá fún wa ní èrè yìí, fọ́tò nìkan ló wúlò fún.

Dídi hándù mú gírígírí

Táyà iwájú mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Bí ó bá gba ibi tí ojú títì ti wú, hándù á mì díẹ̀, á sì padà sáàyè rẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀ nígbà tí ẹ fún un níná, ìyẹn nígbà tí ẹ yí ọwọ́ hándù kí eré lè pọ̀ sí i, iwájú fúnra rẹ̀ á yí láti gbà á. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí ọpọlọ wa tó fura. Ẹni tó bá wá fi ọwọ́ méjèèjì le hándù mọ́lẹ̀, ó ti dí i lọ́wọ́ nìyẹn. Mímì kékeré tí ì bá parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á gba inú apá wọ gbogbo ara, ara á sì tún dá a padà sínú hándù.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ń ráhùn pé iwájú alùpùpù òun máa ń gbọ̀n ní kọ́nà ọ̀tún kan tó gùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ṣọ́kì iwájú ti bàjẹ́." Mo ní ká gbé alùpùpù náà sórí sítáǹdì ẹ̀yìn, kí ẹnì kan di iwájú mú, kó wá jókòó bí ó ṣe máa ń jókòó ní kọ́nà yẹn gan-an. Ó yọ ìdí sí ọ̀tún, ó na orúnkún, ó tẹ orí ba. Ó dára lójú. Mo wá sọ pé, "Ó dáa, tú ọwọ́ rẹ méjèèjì." Kò lè tú u. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì, àlàfo tó wà láàárín orúnkún rẹ̀ àti táǹkì gba odidi ìkúùkù mi. Nígbà tó fi tipátipá tú ìka, ṣe ló rọra ṣubú lé mi lápá.

A tún un ṣe. Mo ní kó fi ibi tó nípọn níwájú àtẹ́lẹsẹ̀ òsì tẹ irin ìtẹ́sẹ̀, kó wá gbé gìgísẹ̀ sókè. Bí gìgísẹ̀ ṣe ń gòkè ni itan ń há sábẹ́ ibi tí táǹkì ti yọ jáde. Ó tú ọwọ́, kò ṣubú. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, inú rẹ̀ le, nítorí àwọn iṣan yẹn kò mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó padà sórí pápá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbígbọ̀n iwájú náà sì lọ. A kò fọwọ́ kan ṣọ́kì.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí nílé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan. Ẹ rí i pé ẹnì kan ń di alùpùpù náà mú o, torí mo ti rí èyí tó ṣubú lórí sítáǹdì.

Ìdí jáde, orí dúró

Èyí ló pọ̀ jù, òun ló sì ń dùn mí jù, nítorí ẹni tó ń ṣe é ti ṣe wàhálà tán láìrí èrè kankan. Ẹ ó rí ẹni tó yọ ìdí sí ọ̀tún dáadáa, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ àti orí rẹ̀ ṣì wà lápá òsì táǹkì. Apá ọ̀tún rẹ̀ nà tààrà bí ọ̀pá. Ìwúwo orí, akoto, èjìká àti àyà kúrò ní kékeré, òkè ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Bí wọ́n bá dúró sí òdìkejì, wọ́n ti fagi lé ohun tí ìdí ṣe. Alùpùpù á tún ní láti fì ju bí ì bá ti fì lọ.

Ìjókòó tó sún mọ́ táǹkì jù ló sábà ń fà á. Bí abẹ́ bá ti kan táǹkì, kò sí ibi tí ìbàdí lè yí sí. Bí ìdí bá ń lọ sí ọ̀tún, táǹkì á máa ti àyà padà sí òsì. Ẹ fi àyè bí ìkúùkù kan sílẹ̀ láàárín ara yín àti táǹkì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí orí sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí díńgí ọ̀tún ì bá wà, ká ní alùpùpù náà ní díńgí, bí ẹni fẹ́ fi àgbọ̀n kàn án. Ìgbọ̀nwọ́ inú, ìyẹn ti apá ibi tí kọ́nà yí sí, á ká, á máa wo ilẹ̀. Apá òde, ìyẹn ti òdìkejì, á sinmi lórí táǹkì. Bí ìgbọ̀nwọ́ inú bá ṣì nà, ẹ mọ̀ pé orí kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Ẹ má sì yọ ìdí ju ìlàjì lọ. Ẹni tó yọ gbogbo ìdí kúrò lórí ìjókòó ti sọ itan òde di aláìníṣẹ́. Kí ló kù tí yóò fi gbé ara ró bí kò ṣe ọwọ́?

Lílépa orúnkún

Kenny Roberts láti Amẹ́ríkà, tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé eré alùpùpù ti ìpele 500cc ní 1978, 1979 àti 1980, wà lára àwọn tó mú kí gbogbo ayé mọ fífi orúnkún kan ilẹ̀. Jarno Saarinen ti Finland ti ń yọ ara sínú kọ́nà ṣáájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wo fọ́tò, tí wọ́n sì rò pé orúnkún ni oògùn náà. Orúnkún kì í ṣe nǹkan kan ju igi ìwọ̀n lọ: ó ń sọ fún yín bí ẹ ti fì tó. Ẹni tó bá ń na án kiri láti wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ òde rẹ̀ á tú kúrò lára táǹkì. Ohun tó burú jù ni pé á máa fì alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì sí eré tó béèrè fún un, títí táyà yóò fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ wo àwọn tó ń díje ní MotoGP, ìdíje eré alùpùpù tó ga jù lágbàáyé, dáadáa. Wọ́n ń fì kọjá dígírì 60, orúnkún wọn kò sì nà. Ṣe ni wọ́n ká a mọ́ra, nítorí ilẹ̀ ti sún mọ́ wọn débi pé àyè kò sí. Bí ìjókòó yín bá tọ́, tí eré yín sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹ ó kàn gbọ́ tí ike tó wà lórúnkún aṣọ yín ń ha títì, ẹ kò tilẹ̀ wá a.

Sísún nígbà tó ti pẹ́

Ẹni tó dúró títí ó fi wọ kọ́nà kó tó yọ ìdí ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó ń darí alùpùpù, ó sì ń fi hándù kan náà fa ara rẹ̀ kọjá ìjókòó. Alùpùpù á jù, ṣọ́kì á lọ á bọ̀, ojú ọ̀nà tí ẹ yàn á bàjẹ́. Orí ọ̀nà títọ́ ni ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ tó fọwọ́ kan bíréèkì. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìtẹ́sẹ̀, ẹ gbé ara fúyẹ́, ẹ sún ìdí. Ẹ wá fi itan fún táǹkì pọ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ bíréèkì, kí ìwúwo yín má baà já lu ọwọ́. Orí àti èjìká nìkan ló máa kù láti sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé.

Ní ti ojú, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ẹ má wo iwájú táyà. Ẹ wo ibi tí kọ́nà ti ń yí gan-an, lẹ́yìn náà ibi tí ẹ ó ti jáde. Ní ti ẹsẹ̀ inú, bí bàtà yín bá ń ha ilẹ̀, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹ fi tẹ irin. Ẹ fà á sẹ́yìn.

Jíjáde kúrò ní kọ́nà

Ibi tí àwọn tó ti gbọ́n díẹ̀ ṣì ti ń ṣubú sínú àṣà àtijọ́ nìyí. Bí wọ́n ṣe rí òpin kọ́nà ni wọ́n fún un níná, tí wọ́n sì fi hándù fa ara wọn padà sórí ìjókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú ti fúyẹ́ lásìkò yẹn nítorí iná. Fífà díẹ̀ ti tó kí hándù bẹ̀rẹ̀ sí í jà sọ́tùn-ún sósì. Alùpùpù ni kí ẹ gbé dìde, kì í ṣe ara yín. Ẹ jẹ́ kí ara ṣì wà nínú kọ́nà, kí ẹ rọra ti alùpùpù kúrò lára yín, kó dúró lé ibi tó fẹ̀ lára táyà kí iná tó pọ̀. Ìgbà tó bá ti ń lọ tààrà ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ gbé ìdí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ti rọ̀, ẹ ju ìgbọ̀nwọ́ inú sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì bí adìyẹ tó ń gbọn ìyẹ́, láàárín kọ́nà tó gùn tí ẹ mọ̀ dáadáa, lórí eré tí kò le. Bí alùpùpù bá yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ìwúwo yín ṣì wà lórí hándù. Bí kò bá yà, ẹ ó ní ìmọ̀lára kan tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀: hándù á máa mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín, sọ́hùn-ún síhìn-ín, bó ṣe ń wá ọ̀nà tirẹ̀ lórí títì. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa mì.